Ọmọ IT láíbìrì kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan iṣẹ́

Ní Ṣàngó-Ọ̀tà níbí, kò sí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ tí kò ní kọ́kọ́ gbálẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ télọ̀ á gbálẹ̀ ìsọ̀, á bá ọ̀gá ra omi, á máa fi abẹ́rẹ́ jánlẹ̀ aṣọ. Ọmọ mẹkáníìkì á fọ sípánà títí ọwọ́ ẹ̀ á fi dúdú. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa ṣe fíríìdọ́ọ̀mù fún un, tí wọ́n ta kánópì, tí ìyá ẹ̀ ń jó, gbogbo èèyàn ló mọ ohun tí ọmọ yẹn lè fi ọwọ́ ẹ̀ ṣe. Ó lè gé bùbá kó sì rán an. Ó lè tú ẹ́ńjìnnì kó sì tò ó padà. Ọ̀gá tó bá fi ọdún mẹ́ta lo ọmọ fún gbígbálẹ̀ nìkan, ẹgbẹ́ wọn fúnra wọn ló máa pè é lẹ́jọ́.

Èwo wá ni ti ọmọ yunifásítì tó lọ ṣe IT ní láíbìrì, tó fi oṣù mẹ́fà nu eruku, tó ń ra ìrẹsì fún àwọn ọ̀gá lọ́sàn-án, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń gba báàgì lọ́wọ́ àwọn tó ń wọlé, tí wọ́n sì buwọ́ lùwé fún un pé ó ti kọ́ṣẹ́?

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò pọ̀. Láíbìrì tó bá gba ọmọ IT ti gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Tí kò bá ní kọ́ ọ níṣẹ́, kó má gbà á. Tó bá sì gbà á, kó má buwọ́ lu lọ́gíbúùkù ẹ̀ àfi tí ọmọ náà bá lè fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà lójú ọ̀gá.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí ọ̀rọ̀ wá. Ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ITF sílẹ̀. Ní 1973, àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ SIWES, ìyẹn ètò tí gbogbo wa ń pè ní IT. Ohun tó fà á ni pé àwọn ilé iṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn ọmọ tó ń jáde ní yunifásítì àti políì mọ ìwé lóòótọ́, àmọ́ wọn ò mọ iṣẹ́. Ni wọ́n bá ní kí ọmọ políì lọ lo oṣù mẹ́rin níbi iṣẹ́, kí ọmọ yunifásítì lo oṣù mẹ́fà, kí wọ́n tó gba sátífíkéètì. Ẹ wò ó dáadáa: ìráhùn tí wọ́n torí ẹ̀ dá ètò yìí sílẹ̀ ní ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, òun náà la ṣì ń gbọ́ lónìí.

Ẹ̀kọ́ láíbìrì fúnra ẹ̀ sì rèé, inú láíbìrì ló ti hù jáde. British Council kọ́kọ́ gbìyànjú ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùtọ́jú láíbìrì ní Achimota ní 1944, ní Gold Coast tó di Gánà lónìí, àmọ́ kò pẹ́ tó fi kógbá sílé. Ní 1960 ni ti Nàìjíríà wá bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ Carnegie láti Amẹ́ríkà. John Harris, tó ti ń darí láíbìrì kọ́lẹ́ẹ̀jì náà láti 1948, wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láíbìrì lójoojúmọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, kì í ṣe àwọn tó kàn kà á nínú ìwé.

Tí ẹnì kan bá ní òun ń wá IT ní Ọ̀tà, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, àwọn tó ń ṣe ike, irin, ọṣẹ àti ọtí. Ẹnu géètì wọn ni àwọn ọmọ ẹnjiníà ń tò sí. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀lé ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Ní kìlómítà kẹjọ, ẹ ó bá Yunifásítì Bells. Ní kìlómítà kẹwàá, ẹ ó bá Yunifásítì Covenant ní Canaanland. Ẹ yà sí Ìgbẹsà, Yunifásítì Crawford wà níbẹ̀. Ẹ lọ síwájú sí ilẹ̀ Yewa, políì ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìláròó láti 1979. Covenant bẹ̀rẹ̀ ní 2002, Bells àti Crawford gba àṣẹ ní 2005. Gbogbo wọn ló ní láíbìrì. Ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ láíbìrì níbikíbi, tí ilé àwọn òbí ẹ̀ bá wà ní Ṣàngó, ní Ojú-Òre tàbí ní Ìyànà Ìyẹsí, kò níláti sọdá lọ sí Èkó kó tó rí ibi tó ti máa ṣe IT. Ilé iṣẹ́ tirẹ̀ wà nílé.

Mi ò sọ pé ọ̀kankan nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí ló ń fi ọmọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ o. Ohun tí mò ń sọ kò mọ sí ibì kan. Mo ti ka lọ́gíbúùkù àwọn ọmọ IT láíbìrì bíi mélòó kan, àwọn ọmọ àdúgbò tó ní kí n bá àwọn tún gírámà ẹ̀ ṣe kí àwọn tó lọ fún olùkọ́ wọn. Mi ò ní sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é. Bó ṣe máa ń rí rèé. Ọjọ́ Ajé: mo to ìwé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: mo to ìwé. Ọjọ́rú: mo to ìwé, mo sì nu orí tábìlì. Ọjọ́bọ̀: iná ò sí. Ọjọ́ Ẹtì: mo to ìwé. Ẹ ṣí i dé ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógún, ọmọ ṣì ń to ìwé. Ìbuwọ́lù ọ̀gá sì wà nísàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, tó dúdú kirimú.

Títo ìwé kì í ṣe iṣẹ́ yẹ̀yẹ́ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ìwé tí wọ́n bá tò síbi tí kì í ṣe àyè ẹ̀ ti sọnù nìyẹn, bó tilẹ̀ wà nínú ilé. Ẹni tí kò bá sì mọ bí nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn kò lè ṣiṣẹ́ láíbìrì. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì tó láti mọ ìyẹn. Kí la fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjìlélógún tó kù ṣe?

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé kan ká fi ṣàpẹẹrẹ, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938. Tí ẹ̀dà kan bá dé láíbìrì lónìí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í kó tó lè dórí pẹpẹ. Ó máa wo ojú ewé àkọlé àti ẹ̀yìn ẹ̀, ó máa mọ ẹ̀dà ọdún wo ni. Lẹ́yìn náà, á pinnu ibi tí ìwé náà máa jókòó. Láíbìrì tó ń lo ìlànà Library of Congress, bí ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ṣe ń lò ó, á fi í sí àárín PL8821 sí PL8824 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Yorùbá. Èyí tó ń lo Dewey á fi í sí 896.333, ibùjókòó lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ká ní ìwé gírámà Yorùbá ni, 496.333 ni ì bá gbé e sí. Ìgbà yẹn ló máa wá kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà ní ìlànà tí wọ́n ń pè ní MARC: orúkọ òǹkọ̀wé ní àyè 100, orúkọ ìwé ní àyè 245, ohun tí ìwé dá lé lórí ní àyè 650.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Tí ọmọ kan bá kọ “Fágúnwà, D. O.”, tí òmíràn kọ “Fagunwa, Daniel”, tí ẹnì kẹta kọ “Daniel Fagunwa”, kọ̀ǹpútà á gbà pé èèyàn mẹ́ta ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá ìwé bàbá yìí á rí ọ̀kan, àwọn tó kù á sá pamọ́ fún un. Ti àmì ohùn tún wà ńbẹ̀. Tí wọn ò bá ṣètò kọ̀ǹpútà dáadáa, ẹni tó tẹ “Ogboju Ode” láìfi àmì sí i lè má rí ìwé tí wọ́n fi àmì kọ orúkọ ẹ̀. Kò sí olùkọ́ tó lè fi ẹnu lásán kọ́ èèyàn nírú nǹkan báyìí nínú kíláàsì tó kún fọ́fọ́. Ojú iṣẹ́ lèèyàn ti ń mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn ìwé ogún, ìwé ọgbọ̀n, tí ọ̀gá ń dúró lẹ́yìn ẹ̀ tó ń sọ pé, “Rárá, ibí yìí kọ́, tún un ṣe.”

Kàtálọ́ọ̀gù nìkan kọ́. Àwọn yunifásítì ti ń kó tísíìsì àti iṣẹ́ ìwádìí àwọn olùkọ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé lè kà á. Ẹnì kan ló ń ṣe skáànù, ẹnì kan ló ń yẹ̀ ẹ́ wò pé ojú ewé kankan ò fò, ẹnì kan ló ń kọ orúkọ, ọdún àti àkótán ẹ̀ sínú DSpace tàbí EPrints. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún àṣekágbá náà á wá síbi tábìlì, á ní òun ń wá iṣẹ́ ìwádìí lórí omi kànga ní Ọ̀tà, òun ò sì mọ ibi tí òun máa gbà. Bí wọ́n ṣe ń bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè títí ohun tó ń wá á fi yé òun fúnra ẹ̀, iṣẹ́ gidi nìyẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan lára ẹ̀yin tó ń kà á lórí fóònù ti ń sọ pé, “Ta ló tún ń lọ láíbìrì? Google wà, ChatGPT wà.” Ó dáa. Ẹ ní kí ChatGPT fún yín ní orúkọ ìwé mẹ́wàá tẹ́ ẹ lè lò fún iṣẹ́ àṣekágbá yín, kẹ́ ẹ wá wá ìwé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kàn. Ó lè fún yín ní orúkọ ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kọ rí, pẹ̀lú ọdún àti ojú ewé. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ irú ẹ̀ wò, tó mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ àti èyí tó jẹ́ àdápa, òṣìṣẹ́ láíbìrì ni. Ìsinsìnyí gan-an la nílò wọn jù.

Mo tún mọ ohun tí àwọn ọ̀gá láíbìrì máa sọ. Wọ́n á ní àwọn ọmọ yìí á bá àwọn ba kàtálọ́ọ̀gù jẹ́. Èsì wà fún ìyẹn. Koha, tí ọ̀pọ̀ láíbìrì ń lò lónìí, ọ̀fẹ́ ni. Láíbìrì agbègbè Horowhenua ní New Zealand ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní oṣù kìíní ọdún 2000. Èdè àwọn Màórì ni orúkọ náà, ẹ̀bùn ló túmọ̀ sí. Nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, láíbìrì lè gbé Koha kejì sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, kí àwọn ọmọ IT máa fi kọ́ṣẹ́. Kí wọ́n ṣe àṣìṣe síbẹ̀ tó bó ṣe wù wọ́n. Ohun tó bá dáa nínú ohun tí wọ́n kọ, ọ̀gá á kó o sínú ti gidi. Koha fúnra ẹ̀ sì fàyè gba kí èèyàn pinnu ohun tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè fọwọ́ kàn.

Wọ́n á ní àwọn ò ráyè, òṣìṣẹ́ ò tó. Èyí gan-an ló yẹ kó mú kí wọ́n kọ́ wọn. Láíbìrì mélòó ni kò ní páálí ìwé tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ, tó ti wà ní igun kan láti ọdún mẹ́ta, tí kò sẹ́ni tó ráyè ṣí i? Ọmọ tí wọ́n bá fi oṣù kan kọ́ dáadáa á fi oṣù márùn-ún tó kù bá wọn ṣe é. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Ọmọ IT ò mọ ìlànà, ọ̀gá ò sì ráyè jókòó ti kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́. Ẹnì kìíní ń wá ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Wọ́n á sì ní àwọn ọmọ náà ò kọbi ara sí i, ìbuwọ́lù ni wọ́n ń wá. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ni wọ́n ń yọjú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá rí i pé bóun wá, bóun ò wá, bákan náà ni lọ́gíbúùkù òun máa rí, kí ló fẹ́ gbé e jáde nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀?

Ọ̀rọ̀ owó náà wà ńbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síta. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦2,500 lóṣù ni ìjọba kà sílẹ̀ fún ọmọ SIWES tí ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀ bá fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́, kì í sì í sábà dé títí ọmọ á fi parí IT. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ láti Ṣàngó lọ sí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò lójoojúmọ́ mọ̀ pé owó yẹn ò lè gbé èèyàn la oṣù já. Òfin ITF tí wọ́n tún ṣe ní 2011 sì ní kí ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san lọ́dún fún ITF. Ẹ wá ro iye ilé iṣẹ́ tó wà láti Toll Gate títí dé Àgbàrá. Ọ̀tà ń dáwó sínú àpò yẹn dáadáa. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa ní Àbújá béèrè pé kí ló dé tí owó ọmọ IT ò fi kúrò lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Títí dìgbà yẹn, yunifásítì tó ní bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ lè jẹ́ kí ọmọ IT jókòó sí àyè tó bá ṣófo. Ìyẹn ò ní kó o ní gbèsè.

Kí ni mo wá ń fẹ́ kí wọ́n ṣe? Nǹkan mẹ́rin péré.

Àkọ́kọ́, kí láíbìrì ní àtẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún ni oṣù mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ méjì fún orí pẹpẹ, mẹ́jọ fún kàtálọ́ọ̀gù, mẹ́rin níbi tí wọ́n ti ń yá ìwé, mẹ́rin lórí tísíìsì tó ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mẹ́rin níbi tábìlì ìbéèrè, kí méjì tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti ìdánwò. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ọmọ rí i lọ́jọ́ tó bá wọlé.

Èkejì, kí iye wà. Ọgọ́rùn-ún ìwé ni kí ọmọ kọ sínú Koha ìkọ́ṣẹ́ láàárín ogójì ọjọ́ iṣẹ́. Ìwé méjì tàbí mẹ́ta lójúmọ́ nìyẹn. Tí kò bá pé, kò tíì parí.

Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ tó ń wá bẹ ọmọ wò láti ilé ẹ̀kọ́ má kàn buwọ́ lu ìwé, kó mu mínírà, kó sì máa lọ. Kó gbé ìwé kan lé ọmọ lọ́wọ́ kó ní, “Ó yá, ṣe é kí n rí i.” Ìṣẹ́jú ogún tó.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n má gba ọmọ ju iye tí wọ́n lè kọ́ lọ. Ọmọ mẹ́ta tó mọṣẹ́ sàn ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń du àga jókòó lọ.

Ẹ̀yin ọmọ IT náà, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹ má dúró kí wọ́n pè yín. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ lọ bá ọ̀gá, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, kẹ́ ẹ ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n wo bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe kàtálọ́ọ̀gù.” Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ ra oúnjẹ wá, ẹ lọ rà á, kẹ́ ẹ padà wá béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí láptọ́ọ̀pù bá wà nílé, tí ẹ bá rẹ́ni tó mọ Linux, ẹ gbé Koha sórí ẹ̀ kẹ́ ẹ máa fi àwọn ìwé inú ilé yín ṣeré. Nínú lọ́gíbúùkù yín, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe gan-an: ìwé wo, nọ́ńbà wo, àṣìṣe wo ni ọ̀gá rí, báwo lẹ ṣe tún un ṣe. Lọ́jọ́ tí ẹ bá jókòó síwájú àwọn tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́, tí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe ìwé kan, ìbuwọ́lù kankan ò ní gbà yín níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá láíbìrì wa, ẹ̀yin lẹ máa fẹ̀yìn tì lọ́la. Àwọn tó ń gba báàgì lẹ́nu ọ̀nà yín lónìí ni ẹ máa fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. Ẹ dìde lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, ẹ mú ọ̀kan nínú wọn wọlé, kẹ́ ẹ gbé ìwé kan síwájú ẹ̀.